Họ́mónù wo ló ń yọ yèyé yín lẹ́nu?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Yèyé mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti pẹ́ tí gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn wọn, kì í dùn wọ́n, a ò sì kà á sí. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, wọ́n ń rù, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àyà wọn ń lù kìkì, ooru ń mú wọn nígbà tí àwa ń daṣọ bora, oorun ò sì kun ojú wọn mọ́. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò gba ẹ̀jẹ̀, ó ní họ́mónù ni. Obìnrin kan lọ́jà wá ní òun ní àgbo tó ń tún họ́mónù ṣe, pé ó ti wo àìrọ́mọbí àti ìtọ̀ ṣúgà sàn pẹ̀lú, àbúrò mi sì ti fẹ́ rà á. Ẹlòmíì ní kí wọ́n má jẹ ẹ̀gẹ́ mọ́. Báwo ni ohun kékeré tó wà lọ́rùn ṣe lè da gbogbo ara rú báyìí? Ṣé ká ra àgbo náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú yèyé o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Kí n tètè dáhùn èyí tó kánjú: ẹ sọ fún àbúrò yín kó má ra àgbo náà. Kó fi owó rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Adó, kó sì fi èyí tó bá kù kún owó àyẹ̀wò.

Èmi kò bá àgbo jà. Ohun tí mo ń bá jà ni ìlérí pé oògùn kan wà tó ń tún họ́mónù ṣe, tó sì kárí yèyé tó ń rù, ìyàwó ilé tó ń wá ọmọ, àti bàbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Họ́mónù tó wà lára èèyàn lé ní 50. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń jáde àti iṣẹ́ tirẹ̀, òmíràn nínú wọn sì wà tó jẹ́ pé ohun tí èkejì ṣe ló ń tú. Ínsúlínì ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Glúkágọ́ọ̀nù, tí páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan náà tó ń ṣe ínsúlínì, ń ṣe, ń gbé e sókè. Èwo nínú méjèèjì ni àgbo ọjà fẹ́ tún ṣe? Ẹnikẹ́ni tó bá ti dárúkọ họ́mónù fún yín, ì báà jẹ́ dókítà, ì báà jẹ́ ìyá alágbo, ẹ bi í léèrè: họ́mónù wo, ṣé ó pọ̀ jù ni àbí ó kéré jù? Oògùn tó ń dín họ́mónù kan kù á ṣe ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ lóore, á sì ba ti ẹni tí tirẹ̀ ti kéré jẹ́. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì kò tíì mọ ohun tó ń wò.

Àwọn àmì tí ẹ kọ sínú ìwé yín ń tọ́ka sí tairọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lọ́rùn, pé oje rẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yèyé. Ìwé èsì àyẹ̀wò ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀, mo sì máa sọ bí ẹ ó ṣe kà á.

Gíláǹdì ni à ń pe ẹ̀yà ara tó ń ṣe oje. Àwọn kan ní ojú ihò tí oje wọn ń gbà jáde, bí èyí tó ń da itọ́ sí wa lẹ́nu àti èyí tó ń mú wa làágùn. Àwọn tí ìbéèrè yín dá lé kò ní ojú ihò. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń da oje wọn sí tààrà, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Oje yẹn ni họ́mónù. Gbogbo ara ló ń kàn, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó bá ní ibi tí họ́mónù náà lè dì mọ́ nìkan ló ń dá a lóhùn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà lè gbé oríṣiríṣi họ́mónù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má sì ṣèdíwọ́ fún èkejì.

Àwọn àgbẹ̀ wa ti rí iṣẹ́ họ́mónù kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ. Òbúkọ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá, òórùn rẹ̀ á dín kù, kò ní máa lé abo kiri mọ́, á máa sanra. Kórópọ̀n nìkan ni wọ́n fọwọ́ kàn o, ó sì jìnnà sí awọ tó ń rùn àti ọpọlọ tó ń wá ìjà. Ní 1849, ní ìlú Göttingen ní Jámánì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Arnold Berthold tẹ àwọn àkùkọ lọ́dàá. Ogbe orí wọn sún kì, wọn ò kọ bí akọ mọ́, wọn ò jà mọ́. Ó wá gbé kórópọ̀n padà sínú ikùn àwọn kan nínú wọn, níbi tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ àtijọ́ ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ogbe yẹn yọ padà, àkùkọ kọ, wọ́n tún ń bára wọn jà. Ó hàn gbangba pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun tó ń ti kórópọ̀n jáde ń gbà dé orí. Ó di 1905 kí Ernest Starling, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó pe irú oje bẹ́ẹ̀ ní họ́mónù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọrùn. Ẹ fi ìka kan gògóńgò yín, kí ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni tairọ́ìdì wà, ó na apá kan sí ọ̀tún ọ̀nà atẹ́gùn, ó na èkejì sí òsì. Ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 20. Áyódìnì tó ń tinú oúnjẹ wá ló fi ń ṣe họ́mónù méjì: T4, tó ní áyódìnì mẹ́rin nínú, àti T3, tó ní mẹ́ta. T4 ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń dà sẹ́jẹ̀, àmọ́ T3 ni alágbára. Ara fúnra rẹ̀ ló ń yọ áyódìnì kan kúrò lára T4 nígbà tó bá fẹ́ lò ó.

Iṣẹ́ T3 ni láti pinnu bí sẹ́ẹ̀lì ṣe máa yára sun oúnjẹ tó. Kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì tí kì í wọ̀, ìdí nìyẹn tí ohun kékeré ọrùn fi lè da gbogbo ara rú. Bó bá pọ̀ jù, oúnjẹ á máa jóná kó tó di ẹran ara, ẹni náà á máa jẹ, á máa rù. Ooru ìjóná yẹn ló ń mú yèyé làágùn. Ọkàn wọn á máa dáhùn sí adrẹ́nálínì, họ́mónù tó ń mú àyà já nígbà tí ẹ̀rù bá bani, ju bó ṣe yẹ lọ, àyà á máa lù, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ìfun náà á máa yára, ìgbẹ́ á di lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Iṣan itan á rọ débi pé dídìde lórí àpótí á di iṣẹ́. Egungun pàápàá á máa fẹ́lẹ́ lábẹ́lẹ̀, kò ní dùn wọ́n, títí ọjọ́ tí wọ́n bá ṣubú. Ti ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, ẹ kàn yí gbogbo rẹ̀ padà: òtútù, ìsanra, ìgbẹ́ gbígbẹ, ohùn tó há, oorun ọ̀sán, ọkàn tó ń falẹ̀. Ti ọmọ tuntun ló burú jù, torí tí wọn ò bá tètè fún ọmọ tí kò ní họ́mónù yìí ní oògùn, ọpọlọ rẹ̀ kò ní dàgbà bó ṣe yẹ, kò sì sí oògùn tó lè tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Ta ló wá ń sọ fún tairọ́ìdì pé ó tó? Lábẹ́ ọpọlọ, lẹ́yìn gbòǹgbò imú, gíláǹdì kan wà tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, wọ́n ń pè é ní pitúítárì. Òun ló ń da TSH sínú ẹ̀jẹ̀, TSH ló sì ń rán tairọ́ìdì níṣẹ́. Ọmọ Èkìtì ni yín, kí n fi iyán ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó ń gúnyán kì í wọn omi kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ odó ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu: tí iyán bá le, á ta omi díẹ̀ sí i, á tún gún un wò, tó bá ti dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kúrò nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni pitúítárì ṣe ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá wò. Tí T4 bá dín kù, á fi TSH kún un. Tí T4 bá ti tó, á dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ họ́mónù ni wọ́n ń ṣọ́ báyìí. Páńkíríásì máa ń tọ́ ṣúgà wò fúnra rẹ̀, kó tó mọ bí ínsúlínì tó máa dà sílẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó.

Ibi tí ìwé àyẹ̀wò ti ń yé èèyàn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo TSH. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé tí tairọ́ìdì bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, TSH náà á ga. Rárá o, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀, nígbà míì kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé wọ̀n, torí pitúítárì ti dáwọ́ dúró tipẹ́, tairọ́ìdì ni kò gbọ́. Tí TSH bá lọ sílẹ̀ tí T4 sì ga, ọwọ́ tairọ́ìdì ni ẹjọ́ wà, ó ń ṣe jù. Tí TSH bá ga tí T4 sì lọ sílẹ̀, ó ti rẹ tairọ́ìdì, pitúítárì sì ń pariwo lé e lórí. Kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ míì, ẹ bi yèyé bóyá wọ́n ń lo fítámì irun àti èékánná. Báyótìnì tó wà nínú irú wọn lè ba èsì náà jẹ́, kó fi TSH hàn bíi pé ó lọ sílẹ̀ nígbà tí kò lọ sílẹ̀. Kí wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán.

Tí TSH àti T4 bá jọ lọ sílẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ti yèyé yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀, torí wọ́n máa ń fojú fò ó nílé wa. Pitúítárì fúnra rẹ̀ ni ìṣòro irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ó máa ń wú nígbà oyún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya lára obìnrin nígbà ìbímọ, pitúítárì tó wú yẹn kì í rí ẹ̀jẹ̀ gbà, apá kan rẹ̀ á kú. Ìyá ọmọ á yè é, gbogbo wa á dúpẹ́, ṣùgbọ́n omi ọyàn rẹ̀ kò ní wá, nǹkan oṣù rẹ̀ kò ní padà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á kàn máa rẹ̀ ẹ́, òtútù á máa mú un, irun abíyá rẹ̀ á re, àwọn ará ilé á sì ní ọ̀lẹ ni. Tí ẹ bá mọ obìnrin tí ìtàn rẹ̀ rí báyìí, ẹ sọ fún un kó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà bó ṣe ṣẹlẹ̀, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ tó ya. Oògùn wà fún un.

Kí ló wá mú gẹ̀gẹ̀ tó ti jókòó jẹ́ẹ́ láti ọjọ́ yìí di oníwàhálà? Inú òkun ni áyódìnì pọ̀ sí. Ilẹ̀ olókè tó jìnnà sí òkun kì í sábà ní in tó, torí òjò ti ń fọ̀ ọ́ lọ láti ayébáyé, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Èkìtì sì rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí rí Olósùnta láràárọ̀, ẹ ò nílò kí n júwe òkè fún yín. Áyódìnì tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ jẹ́ máíkírógíráàmù 150, ti aláboyún jẹ́ 250. Kò tó ohun tí ojú lè rí lórí ìka. Ẹni tí kò bá rí i jẹ tó, T4 rẹ̀ á dín kù, pitúítárì á máa da TSH sí i láìdúró, TSH á sì máa mú tairọ́ìdì dàgbà kó lè há ìwọ̀nba tó wà mọ́ra. Bó ṣe ń di gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1993 ni wọ́n fi í lélẹ̀ pé kí áyódìnì wà nínú iyọ̀ tí à ń tà ní Nàìjíríà. Yèyé yín ti dàgbà, wọ́n ti bímọ, kó tó di ìgbà náà.

Tairọ́ìdì tí TSH bá ti ń tì láti ọdún dé ọdún máa ń ta kókó. Bó bá pẹ́, kókó kan tàbí méjì nínú wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣiṣẹ́, láìdúró de TSH mọ́. Lójú tèmi, èyí ló jọ ti yèyé yín jù, nítorí ọjọ́ orí wọn àti nítorí pé gẹ̀gẹ̀ náà ti pẹ́. Ká ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, àrùn Graves ni mi ò bá kọ́kọ́ fura sí. Nínú ìyẹn, àwọn èròjà tí ara fi ń bá àìsàn jà ló ń ṣì ṣe, wọ́n ń dì mọ́ tairọ́ìdì, wọ́n sì ń rán an níṣẹ́ bíi TSH. Ojú aláìsàn náà sì lè yọ síta. Ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ dáadáa. Ìtọ́jú méjèèjì kò rí bákan náà, nítorí náà ẹ bi dókítà èwo ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kí ẹ ra áyódìnì olómi sí gẹ̀gẹ̀. Kókó tó ń dá ṣiṣẹ́ gan-an ni áyódìnì àpọ̀jù ń fún lágbára, àìsàn náà á le sí i. Iyọ̀ ọbẹ̀ ti tó. Ẹ dé e dáadáa, ẹ má gbé e sí oòrùn, kí áyódìnì inú rẹ̀ má bàa fò lọ.

Ti ẹ̀gẹ́ ní gbòǹgbò díẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di ńlá. Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà tó ń di sáyánáìdì. Nígbà tí ara bá ń gbìyànjú láti mú oró rẹ̀ kúrò, ó ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó ń dí áyódìnì lọ́nà kó má wọ tairọ́ìdì. Níbi tí áyódìnì ti ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, ó ń dá kún gẹ̀gẹ̀. Wọ́n rí i bẹ́ẹ̀ ní Kóńgò. Ṣùgbọ́n gààrí tí wọ́n rin, tí wọ́n jẹ́ kó kan, tí wọ́n fún, tí wọ́n yan, ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oje tó pọ̀ jù ni ìṣòro yèyé báyìí. Ẹ má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń rù. Kí wọ́n jẹ ẹ̀bà wọn.

Mo ṣèlérí pé n kò bá àgbo jà, síbẹ̀ ó ní ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú èyí tó bá ń wo gbogbo nǹkan sàn. Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, gíláǹdì kan wà tó ń jẹ́ adírẹ́nàlì. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń ṣe adrẹ́nálínì. Èèpo rẹ̀ ń ṣe kọ́tísólù, tó ń ga ní àárọ̀ kùtù, tó sì ń wálẹ̀ di ọ̀gànjọ́. Láìsí kọ́tísólù, ibà lásán lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Dexamethasone àti prednisolone jẹ́ oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi rẹ̀, wọ́n sì wúlò gan-an lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ àwọn kan ń lọ̀ wọ́n mọ́ àgbo àti ẹ̀bu láìsọ fún ẹni tó ń rà á. Ẹni tó bá lò ó á gbádùn: oúnjẹ á wù ú, ìrora á lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, àwọn aládùúgbò á ní ara ti dá. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ru, ṣúgà ń gòkè, egungun ń jẹrà. Èyí tó tún burú ni pé pitúítárì tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò á rí i pé ó ti pọ̀, kò ní rán adírẹ́nàlì níṣẹ́ mọ́, adírẹ́nàlì á sì rọ. Lọ́jọ́ tí àgbo bá tán, tí ibà sì dé, kò ní sí kọ́tísólù nílé. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já lulẹ̀, èèyàn lè kú. Àwọn ìpara kan tó ń bóra ní irú oògùn yìí nínú, clobetasol ni orúkọ kan tí ẹ lè rí lára ike wọn, awọ sì ń fà wọ́n mu. Ẹni tó bá ti ń lo èyíkéyìí nínú wọn tipẹ́ kò gbọdọ̀ já a lójijì. Kó lọ sọ fún dókítà, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Fún yèyé yín, irú àgbo bẹ́ẹ̀ á kàn bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Adó kò jìnnà sí yín, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dání. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ wọn, lábẹ́ àtàǹpàkò, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń lù ségesège, ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkàn tó ń lù báyẹn lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì náà gbéra lọ sí ọpọlọ, ó sì di àrùn rọpárọsẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún wọn ní carbimazole, tó ń dá tairọ́ìdì dúró láti má ṣe oje tuntun. Oje tó ti kó pa mọ́ tẹ́lẹ̀ ṣì ń tú jáde, nítorí náà ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan á kọjá kí wọ́n tó rí ìyàtọ̀. Kí wọ́n má sọ pé kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá jù ú nù. Propranolol máa ń mú àyà àti ọwọ́ rọlẹ̀ ní kíá, ṣùgbọ́n bí yèyé bá ní ásímà, ẹ tètè sọ, torí kò dára fún wọn. Bó bá jẹ́ kókó ló ń dá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, carbimazole á kàn kì í mọ́lẹ̀ ni. Áyódìnì onítànṣán, tí ilé ìwòsàn fi ń pa kókó náà, tó sì yàtọ̀ sí áyódìnì olómi, tàbí iṣẹ́ abẹ ló ń parí rẹ̀. Gíláǹdì kéékèèké mẹ́rin tó ń ṣètò kálísíọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn tairọ́ìdì, nítorí náà tí ètè tàbí ìka wọn bá ń ta wìnnìwìnnì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Tairọ́ìdì tó kù lè má tó mọ́ lẹ́yìn èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nígbà náà wọ́n á máa lo levothyroxine láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, T4 kan náà tí ọrùn wọn ń ṣe tẹ́lẹ̀ sì ni.

Nígbà tí wọ́n bá ti ń lo carbimazole, tí ibà bá mú wọn tí ọ̀fun ń dùn wọ́n tàbí ẹnu wọn ń ta egbò, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò tó ń ka ẹ̀jẹ̀ funfun, èyí tó ń bá àìsàn jà, lọ́jọ́ náà gan-an; oògùn náà lè pa á run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá sì ń mí gúlegúle, tí ibà gíga mú wọn tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí apá kan wọn ṣàdédé rọ, ì báà jẹ́ aago méjì òru, ẹ wá ọkọ̀ kí ẹ máa gbé wọn lọ.